Bí Mo Ṣe Wá Dókítà Eegun fún Ọmọ Mi

Orí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Kàbbà ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, ti já bọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ti ilẹ̀. Kí n tó sáré débẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti wú, ó sì ti wọ́.

Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya X-ray.” Èmi ò kẹ́gàn iṣẹ́ àwọn bàbá wa, eegun tí wọ́n ti tò tó sì jiná kò níye. Àmọ́ bí wọ́n bá di igi pinpin mọ́ apá tó ṣì ń wú, ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè kọjá mọ́. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n gé lọ́wọ́ nítorí bẹ́ẹ̀.

Nílé ìwòsàn tó sún mọ́ wa, dókítà ọ̀dọ́ kan wá iṣan tó ń lù ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ èékánná rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń padà síbẹ̀. Ó tún ní kó fi orí àtàǹpàkò kan orí ìka tó tẹ̀ lé e, kó dà bí òrùka. Eegun òkè apá ló kán, lókè ìgbọ̀nwọ́ gan-an, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú eegun ìgbọ̀nwọ́ tó ń kán lára ọmọdé. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ọwọ́, ẹ ráyè wá dókítà eegun títí di àárọ̀ ọ̀la. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá tutù, tó funfun, tàbí tí ìrora ń le sí i lẹ́yìn tó ti lo oògùn, ẹ má wá ẹni tó dáa jù mọ́ o. Ibi tó sún mọ́ jù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé fóònù. Lọ́kọ́ja ńkọ́? Ẹ̀gbẹ̀ ńkọ́? Àbí Ìlọrin? Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló gbajúmọ̀ jù. Ohun tí mo bi àwọn dókítà ni pé: ọmọdé mélòó ni ẹ ti tọ́jú ìgbọ̀nwọ́ wọn lọ́dún yìí? Ṣé ẹni tó máa fún un lóògùn oorun máa ń ṣe é fọ́mọdé? Ṣé ẹ̀rọ tí ẹ ó fi máa wo eegun wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ? Ọ̀kan nínú wọn bínú, ó ní eegun ni eegun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pe ẹlòmíì. Eegun ọmọdé ní kèrékèré, ìyẹn eegun rírọ̀, lẹ́nu, ibẹ̀ ló ti ń gùn sí i. Bí nǹkan bá ṣe é, apá lè kúrú tàbí kó wọ́. Bí eegun ìgbọ̀nwọ́ bá sì jiná ní wíwọ́, dídàgbà kì í sábà tún un ṣe.

Èyí tó dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù wà ní Ìlọrin. Ó sọ iye ọmọ, ó sọ èyí tí kò lọ dáadáa náà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló mú mi pinnu.

A gbéra láàárọ̀ kùtù, a gba Mọ̀pà àti Ìsánlú. Gbogbo ibi tí mọ́tò bá ti dúró ni mo ń fọwọ́ kan ìka rẹ̀. Nígbà tí a dé, ọmọ náà ni dókítà kọ́kọ́ kí, ó bi í léèrè orúkọ igi tó gùn, kó tó yíjú sí mi. Wáyà tín-ín-rín 2 ni wọ́n fi di eegun mú, wọ́n sì yọ wáyà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4.

Ìgbọ̀nwọ́ le gan-an nígbà náà. Màámi ti gbé òrí àti omi gbígbóná wá láti fi wọ́ ọ, ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ tàbí ká wọ́ ọ: eegun lè hù sínú ẹran ibẹ̀. Kó máa fi ṣeré fúnra rẹ̀ ló ní ká jẹ́ kó ṣe. Màámi bá gbé òrí padà, wọ́n wá ń ju bọ́ọ̀lù kékeré sí i lójoojúmọ́ lójúde. Ọwọ́ òsì ló fi ń hán an.