Bí Bíráósà Láptọ́ọ̀pù Ilé Bá Ń Há: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ilé àti Àgbẹ̀

Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí mo mọ̀ ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe ní Abuja níbí. Òun ni bàbá fi ń wo iye tí àgbàdo ń lọ ní ọjà Dawanau ní Kano, òun ni ìyá fi ń kọ kéréètì ẹyin tó jáde, òun náà ni ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB fi ń kàwé. Tí bíráósà rẹ̀ (ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome tàbí Firefox) bá há, ariwo kan náà là ń pa: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ o!" Lójú tèmi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń jẹ ẹ̀bi tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó há

Bí ìkànnì kan bá ń yí róbótó tí kò ṣí, ṣùgbọ́n tí ẹ rí táàbù míì ṣí, tí ẹ rí ọ̀rọ̀ tẹ̀ sínú rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ fi dátà fóònù ẹlòmíì dán an wò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn, tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹni da ẹ̀lùbọ́ gbágùúdá sí i, tí "Not Responding" sì jáde lókè, bíráósà gan-an ló há. Tí ọfà máòsì pàápàá kò bá rìn mọ́, gbogbo kọ̀ǹpútà ló ti dì.

Mo jìyà àìmọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bú àwọn tó ń ta dátà fún mi. Mo ra síìmù tuntun, mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sójú fèrèsé, mo tún gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa láti Ìlọrin, ó wo òkè bíráósà mi, ó ní, "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbogbo èyí?" Táàbù 43 ni. Wọ́n ti fún ara wọn pọ̀ débi pé orúkọ wọn kò hàn mọ́. Ó tẹ Shift àti Esc pọ̀ nínú Chrome, àkójọ kan jáde: ìkànnì ìròyìn kan tó kún fún fídíò ìpolówó, tí mo ti gbàgbé pé mo ṣí, ló ń dá jẹ ohun tó lé ní 1 GB, nínú láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB péré.

Ẹ fi oko wò ó. Díìsìkì ni àká. RAM ni ẹní tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ láti fi sá àgbàdo. Táàbù kọ̀ọ̀kan ń gba ààyè tirẹ̀ lórí ẹní. Tí ẹní bá kún, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í ru díẹ̀ padà sí àká, á tún lọ gbé e wá nígbà tí ẹ bá béèrè rẹ̀. Àárín lọ-bọ̀ yìí ló ti ń há.

Nínú àkójọ Shift+Esc yẹn, ẹ tẹ orí "Memory" kí èyí tó ń jẹun jù lè bọ́ sókè, ẹ mú un, kí ẹ tẹ "End process". Ní Firefox, ẹ kọ about:processes síbi àdírẹ́sì. Bí bíráósà bá ti kú pátápátá, Ctrl+Shift+Esc ti Windows, tó ń ṣí Task Manager, ni kí ẹ fi pa á. Tó bá tún ṣí, tó ní kí òun dá gbogbo táàbù padà, ẹ má gbà fún un! Ctrl+H á fi ibi tí ẹ ti dé hàn yín, ẹ mú ọ̀kan tí ẹ nílò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, Performance, kí ẹ tan Memory Saver, tó ń gba RAM padà lọ́wọ́ táàbù tí ẹ kò lò.

Tí táàbù kò bá pọ̀ tó sì ń há

Nínú Chrome, ẹ tẹ Ctrl+Shift+N. Fèrèsé dúdú tó jáde kì í sábà gbé extension (àfikún tí wọ́n so mọ́ bíráósà) kankan dání. Tí ohun gbogbo bá ń lọ geere níbẹ̀, ẹ kọ chrome://extensions síbi àdírẹ́sì, kí ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Àwọn tó ní àwọn ń bá èèyàn gba fídíò sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ lè fi Ctrl+Shift+Delete nu "Cached images and files", ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ password sí.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń wo fídíò nìkan ló ń há, ẹ pa "graphics acceleration" nínú Settings, System. Ó máa ń gba tòkunbọ̀ sílẹ̀.

Ooru àti eruku

Ọyẹ́ ń gbé eruku Sàhárà wá bá wa láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ooru oṣù Kẹta sì ń dúró dè wá níwájú. Tí fáànù bá ti di ọgbà eruku, kọ̀ǹpútà á dín iyára ara rẹ̀ kù kó má baà jó. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ kò bá lè gbé ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́, ooru ni. Ẹ má gbé e lé bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, aṣọ ń dí ihò èémí rẹ̀. Páálí ìwé ńlá kan sàn jù. Kí ẹ tó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ sì fi igi ìtayín di abẹ fáànù mú kó má baà sáré jù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń bá a wọlé.

Nígbà tí ó bá di ti oníṣẹ́

Bí Task Manager bá ń fi Disk hàn ní 100% ṣáá láìsí táàbù kan tó ṣí, tí inú rẹ̀ sì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, díìsìkì ayíbírí àtijọ́ ló ń kú lọ. SSD, ìyẹn díìsìkì tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kan ti sọ fún mi rí pé mọ́dábọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Díìsìkì lásán ni. Bí ẹ bá ṣì ń lo Windows 7, láti 2023 ni Chrome tuntun kò ti wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ẹ da fáìlì yín kọ kí ẹ tó gbé e jáde nílé, kí ẹ sì jáde kúrò nínú báńkì àti íméèlì. Ìwé ẹyin ọdún méjì ìyàwó mi wà nínú tiwa. Fláàṣì 16 GB kan gbà á, ààyè sì tún kù.