Kí ẹ tó ní kí wọ́n gé sàlẹ́ńsà ọkọ̀ yín

Iṣẹ́ sàlẹ́ńsà ni mo ń ṣe, lọ́nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ níbí. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, oríṣi oníbàárà méjì ló ń wá bá mi. Àwọn ọmọ FUTA fẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa hó, káyé lè gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Àwọn tó ń ná ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó ní tiwọn fẹ́ kí epo tí wọ́n rà pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹnu wọn kò sì yàtọ̀: "Ọ̀gá, ẹ bá mi gé kátálísì yẹn dànù." Kátálísì ni agolo irin ojú páìpù tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́. Èmi náà á ní ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń jò ná.

Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le, bó ṣe wù kí n tún sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣe tó, èrè orí epo kò ní tó nǹkan. Sàlẹ́ńsà tó ń jò tàbí tó ti dí ló ń jẹ owó yín. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti dàgbà nígboro yìí ló sì ní ọ̀kan nínú méjèèjì.

Àárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ni kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi àkísà tó nípọn dí ẹnu páìpù ẹ̀yìn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹlòmíì sì tẹ́tí sílẹ̀ níwájú. Bí kò bá jò, èéfín á máa ti àkísà náà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì á sì fẹ́ kú. Bó bá jò, ẹ máa gbọ́ "ṣìì-ṣìì" níbìkan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí páìpù ti kan ẹ́ńjìnnì. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjèèjì, bá ti ń jò tipẹ́, èédú dúdú á ti yí etí irin náà ká bí ìgbà tí èèyàn lé tìróò.

Ihò iwájú yìí ló burú jù. Èéfín kì í ṣàn jáde láìdáwọ́ dúró, ṣe ló ń tú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí písítìnì ṣe ń tì í. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, ihò yẹn á fa atẹ́gùn ìta wọlé. Oxygen sensor tó wà nítòsí, tó ń wo atẹ́gùn inú èéfín, á rí atẹ́gùn náà, á sì sọ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, pé epo kò tó. Ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7 sí ìwọ̀n epo 1 ni brain box ń wá, kò sì mọ̀ pé ihò ló ń tan òun jẹ, ló bá ń da epo sí i. Bí wọ́n bá fi scanner tó ń ka àìsàn ọkọ̀ wò ó, ó lè gbé P0171 wá, ìyẹn kóòdù pé epo kò tó. Ibẹ̀ ni ẹlòmíì ti ń sáré lọ ra sensor, nígbà tó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Ihò ẹ̀yìn ní tirẹ̀, lẹ́bàá agolo tó ń dín ariwo kù, ariwo ló ń pa, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ epo. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sílẹ̀ o, torí èéfín rẹ̀ lè bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọlé. Carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ẹ fi WD-40 sí i lálẹ́ kẹ́ ẹ tó tú u láàárọ̀. Bẹ́ ẹ bá fipá tú u, á kán sínú orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ á di méjì. Flex pipe, ìyẹn ibi tó rọ̀ lára páìpù, tó bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí wẹ́dà jó irin lé e lórí kì í pẹ́, torí pé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mì bí ẹ́ńjìnnì bá ń mì.

Ó kan èyí tó dí. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè lọ sí Ìdànrè, tẹ́ ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀ tó ń hó tí kò fà, ẹ fura sí kátálísì. Ẹ má gé e láti dán an wò. Bí ó bá ti tutù, ẹ fi sípánà 22 tú sensor iwájú, kẹ́ ẹ de gauge tó ń wọn agbára èéfín síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kó kọjá 1.5 psi, òṣùwọ̀n agbára náà nìyẹn. Ní 2,500 rpm, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kò yẹ kó kọjá 3. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti dí. Ohun tó sábà máa ń yọ́ inú rẹ̀ ni epo tí kò jó tán, nítorí púlọ́ọ̀gì tàbí coil tó bàjẹ́. Ẹ tún ìyẹn ṣe kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i.

Èyí tí kò dí, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó ń ra kátálísì ògbólógbòó kiri mọ ohun tí wọ́n ń wá: platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fún àwọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á bá yín fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Sensor ẹ̀yìn á wá máa kígbe P0420, ìyẹn kóòdù pé kátálísì kò ṣiṣẹ́ dáadáa, iná check engine á tàn, kò sì ní kú mọ́. Lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá wá dé, báwo lẹ ṣe máa mọ̀?

Páìpù ńkọ́? Ọmọkùnrin kan ní kí n fi ínǹṣì 3 sábẹ́ Corolla 1.8 òun. Mo bi í pé ta ló ń ra epo fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ínǹṣì 2 tó fún ẹ́ńjìnnì yẹn, ínǹṣì 2¼ ni mo máa ń dé mọ. Bí páìpù bá fẹ̀ jù, èéfín á máa falẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀, níbi táwa tá à ń wa ọkọ̀ nínú gosíló Ọjà Ọba ti nílò agbára jù. Ẹ wo ibi tí wọ́n bá tẹ páìpù náà. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti wọnú, ṣe ni wọ́n fún un lọ́rùn níbẹ̀, kò sí ohun tó fi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agolo ẹ̀yìn tí ihò rẹ̀ lọ tààrà, tí wọ́n fi òwú fiberglass yí páìpù inú rẹ̀ ká, ń jẹ́ kí èéfín kọjá wẹ́rẹ́ ju èyí tí wọ́n pín sí yàrá yàrá lọ. Ó máa ń dún díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí iyàwó ilé mọ̀ ṣáájú.

Kí wẹ́dà tó tan iná, kó yọ orí bátìrì, torí brain box. Kó wo ibi tí páìpù epo àti ti bíréèkì gbà, kí iyanrìn tàbí ẹ̀rọ panápaná sì wà nítòsí. Kó kọ́kọ́ fi iná gán an mọ́ra níbi mélòó kan, kó gbé e kọ́ sórí rọ́bà rẹ̀, kó mì í tìtì. Bí kò bá kan ibì kankan, kó wá jó o yípo. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ kọjá bọ́ńpà, kí èéfín má bàa padà sínú búùtù.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá ni kẹ́ ẹ ti wọn epo. Ẹ rọ ọ́ kún ní ilé epo kan, ẹ lọ sí Ọ̀wọ̀ kẹ́ ẹ padà, ẹ tún rọ ọ́ kún lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà, kẹ́ ẹ kọ iye lítà sílẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ní scanner wo long term fuel trim, ìyẹn bí brain box ṣe ń fi epo kún un tàbí dín in kù látìgbà pípẹ́: bó bá wà láàárín ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, sókè tàbí sísàlẹ̀, ó dáa. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé ọkọ̀ padà wá nígbà tó bá tutù, ká tún fún àwọn nọ́ọ̀tì yẹn le. Iná á ti tú wọn díẹ̀.