Bí mo ṣe tún ojú áàpù ìránnilétí oògùn ṣe fún àwọn àgbàlagbà

Lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ sọ di gàdàgbà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n tún ojú áàpù kan ṣe, áàpù tó ń rán àgbàlagbà létí àsìkò oògùn wọn, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti lò ó. Èrò mi ni pé ojú tí kò ríran kedere mọ́ ni gbogbo ìṣòro. Mo mú kí lẹ́tà tóbi, mo mú kí bọ́tìnnì tóbi, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé iṣẹ́ ti parí.

Mo wá gbé e lọ bá àgbàlagbà márùn-ún tó ti lé ní ọdún 65. Mo sọ fún wọn pé áàpù la fẹ́ dán wò, kì í ṣe àwọn. Mo ní kí wọ́n fi han fóònù pé àwọn ti lo oògùn àárọ̀, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo panu mọ́. Ìpanumọ́ yẹn ló le jù. Ọwọ́ á máa yún yín láti nàka síbi tó yẹ kí wọ́n tẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ibi tí wọ́n bá ti dúró tí wọ́n ń wá nǹkan, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín wà.

Ìyá kan ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù láìlo awò ojú rárá. Inú mi dùn. Nígbà tó kan bọ́tìnnì “Mo ti lò ó”, ó gbé àtàǹpàkò lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà, kò sì tètè gbé e kúrò. Ojú fóònù yí padà: “Ṣé kí a pa oògùn yìí rẹ́?” Ìyá wojú mi.

“Ọmọ mi, má bínú, mo ti bà á jẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dénú. Ìyá kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo fi ìparẹ́ pamọ́ síbi tó jẹ́ pé kí èèyàn kàn tẹ̀ ẹ́ pẹ́ díẹ̀ ni, ó ti yọjú. Tí ìka bá ti wà lórí bọ́tìnnì tó bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, fóònù á gbà pé dídì mọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe títẹ̀ lásán.

Mo bi í pé, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ pẹ́ báyẹn?”

Ó ní, “Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kì í gbọ́.”

Òótọ́ ló sọ. Ojú fóònù kì í wo agbára tí èèyàn fi tẹ̀ ẹ́; bí iná ṣe ń gba ara ìka kọjá ló ń mọ̀. Awọ ìka àgbàlagbà sì máa ń gbẹ, èyí kì í jẹ́ kí fóònù tètè mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ kan òun. Ẹni tí fóònù bá dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta, kò sí bí kò ṣe ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi tó bá di ìgbà kẹrin.

Mo yọ gbogbo ohun tó nílò dídì mọ́lẹ̀ kúrò. Ìgbà tí ìka bá gbéra kúrò lórí bọ́tìnnì ni fóònù ń kà á báyìí, ì báà pẹ́ títí. Ìparẹ́ lọ sínú ojú ewé oògùn kọ̀ọ̀kan, a kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, “Dá a padà” sì wà tí èèyàn bá ṣèèṣì. Ní ti ìwọ̀n, Android ní kí ibi títẹ̀ má kéré sí 48 dp (ìdíwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ojú fóònù), ìyẹn bíi mìlímítà 9. Apple ní 44 ní ìdíwọ̀n tirẹ̀, pt. Èmi jẹ́ kí bọ́tìnnì gùn láti ẹ̀gbẹ́ kan ojú fóònù dé èkejì, nítorí ìka tí a bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti bàbá kan ló dẹ́rù bà mí jù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, torí náà ìka wọn ni wọ́n tẹjú mọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, “Ó ti wọlé” yọ nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì ló fi wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbójú sókè, ó ti lọ. Wọ́n tún un tẹ̀. Áàpù kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Tí dókítà bá ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Mo pa gbogbo ìfiránṣẹ́ tó máa ń fúnra rẹ̀ lọ rẹ́. Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí padà sí “Ẹ ti lò ó ní 8:05 àárọ̀”, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn tún un tẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Lẹ́tà tí mo fi ń yangàn náà ní àléébù. Fóònù àwọn mẹ́ta nínú wọn ti wà lórí lẹ́tà ńlá tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló bá wọn ṣe é. Ńlá tèmi gun orí ńlá tiwọn, orúkọ oògùn gé sí méjì, bọ́tìnnì sì já sí ìsàlẹ̀ tí ojú kò tó. Mo dá lẹ́tà padà sí ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, mo jẹ́ kó máa tẹ̀ lé sẹ́tìnnì fóònù, mo sì dán gbogbo ojú ewé wò ní ìdá 200 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé láti Android 14 ni lẹ́tà ti lè tóbi dé bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ kò gbà mí lákòókò. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín àwọ̀ eérú #999999 tí mo fi kọ àlàyé àti funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 2.85 sí 1, bẹ́ẹ̀ WCAG, ìlànà àgbáyé lórí bí ojú ewé ayélujára ṣe lè rọrùn fún gbogbo èèyàn, ní kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1 fún lẹ́tà kékeré. Dígí inú ẹyinjú máa ń di rúsúrúsú bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á sì dínkù, torí náà mo mú un kọjá 7 sí 1. Mo mú ohùn ìránnilétí náà wálẹ̀, nítorí ohùn tín-ín-rín ni etí máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Àmì onílà mẹ́ta lókè, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé ó ṣeé tẹ̀. Mo kọ “Àwọn oògùn mi” rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, ìyá náà ni mo kọ́kọ́ gbé fóònù fún. Àtàǹpàkò kan náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ó dì í mú. Mo ń kà á nínú: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó gbé e kúrò. Bọ́tìnnì yí padà, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè, pẹ̀lú aago rẹ̀.

“Ó gbọ́,” ó wí. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ̀ bóyá yóò bàjẹ́, kò bàjẹ́, ó sì na fóònù sí bàbá tó jókòó tẹ̀ lé e.