Bí mo ṣe sọ pọ́ọ̀sì sẹ́ńsọ̀ omi di fóltéèjì

Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kànga ẹ̀rọ ilé wa ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, a máa gbẹ lójijì, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ló kún ilé. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ á ṣì máa yí láìfa omi títí á fi jóná. Màmá wa ní mítà abẹ́rẹ́ kan lára ògiri làwọn fẹ́, táwọn á máa wò bóyá omi ṣì ń wá. Mo fara mọ́ ọn pátápátá: abẹ́rẹ́ ò nílò dátà, kò nílò kóòdù.

Sẹ́ńsọ̀ YF-S201 ni mo fi sójú páìpù: bí omi bá ṣe ń yára ṣàn gba inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pọ́ọ̀sì (iná tó ń wá tó ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan) tó ń rán jáde á ṣe pọ̀ tó. Líta kan ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 7.5 Hz (iye pọ́ọ̀sì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan); bí kẹ́ẹ̀gì líta 20 bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, 150 Hz nìyẹn. Mítà abẹ́rẹ́ ò mọ Hz, fóltéèjì ló mọ̀. LM2907 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, IC (ègé ẹ̀rọ iná kékeré) tó ń sọ Hz di fóltéèjì, ló bá mi yí i padà.

Iṣẹ́ IC yìí wù mí gan-an. Pọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, á fi kapásítọ̀ (ohun tó ń gba iná pamọ́) C1 bu ìwọ̀n iná kan náà sínú kapásítọ̀ C2, rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) R1 á sì máa jò ó dànù, bí ìgbà téèyàn ń fi ife bu omi sínú korobá tó lu. Bó bá ń bù ú kíákíá, fóltéèjì á ga. Ìṣirò rẹ̀: 12V (iná tó ń bọ́ IC) × 150Hz × 22nF (C1) × 100k (R1), bíi 4V. Nítorí pé 12V wà nínú ìṣirò, kò gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò. 7812, IC tó ń mú iná dúró sí 12V, ni mo fi dì í mú, adápítọ̀ 18V ló ń bọ́ ọ.

Ẹ ṣọ́ra níbi ẹsẹ̀ kìn-ín-ní. IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kì í ka pọ́ọ̀sì àfi tó bá gòkè òdo (0V) tó sì tún wọ ìsàlẹ̀ òdo, ti sẹ́ńsọ̀ kì í sì í kọjá òdo wálẹ̀. Mo fi kapásítọ̀ 0.1µF sáàárín wọn, mo sì so rẹsísítọ̀ 10k láti ẹsẹ̀ náà sí gíráǹdù (ojú 0V), kí pọ́ọ̀sì lè máa kọjá òdo sókè sódò.

Fún C2, 1µF ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa gbọ̀n tí omi bá lọ́ra. Mo fi 10µF sí i: abẹ́rẹ́ á pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi kì í jóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Dípò R1, mo lo 82k pẹ̀lú vólúùmù 50k (rẹsísítọ̀ tó ṣeé yí). Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ páìpù, mo tẹ aago fóònù, mo ń yí vólúùmù títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ síbi tó yẹ. Tí kẹ́ẹ̀gì bá gba ìṣẹ́jú àáyá 75 kó tó kún, 3.2V ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wà.