Irú "settle" wo ni wọ́n ń bá yín sọ?
Tẹ́nìkan bá ní kẹ́ ẹ settle òun, ẹ má tíì sọ pé kò burú o, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tí bánkì bá ní settlement POS yín ò tíì wọlé, owó tí kọsítọ́mà fi káàdì san ni, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ní Alábà, tí ọmọ Ìgbò tó ń kọ́ ọjà bá ní ọ̀gá ti settle òun, ó ti gba òmìnira nìyẹn, wọ́n ti fún un lówó tàbí ọjà tó máa fi dá dúró. Àmọ́ tí òṣìṣẹ́ kan bá ti fáìlì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wá ń rẹ́rìn-ín pé "ẹ ò ní settle wa ni?", rìbá ló ń béèrè yẹn, ẹ ní kó já rìsíìtì fún yín.