Ìlà GPS wa ń gba orí òrùlé onílé kọjá, kí la fẹ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń fẹsẹ̀ rin àdúgbò wa ní Kubwa ká lè gbé e sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè bá wọn yà. Sátidé tó kọjá OsmAnd, áàpù máàpù orí fóònù, ló ń gba ìrìn wa sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ìlà yẹn ń gba orí òrùlé kọjá bíi pé iwin ni wá, ó sì já pátápátá níbì kan. Èyí tó wá ń da orí mi rú ni pé ọ̀nà tí ẹlòmíì ti yà tẹ́lẹ̀ bá àwòrán sátẹ́láìtì mu gẹ́lẹ́, tiwa nìkan ló yàtọ̀. Ṣé kí n pa á rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Má pa á rẹ́ o! Ibi tó já yẹn ò le, fóònù ẹ ló pa áàpù yẹn nígbà tí iná ojú ẹ̀ kú, torí ó fẹ́ tọ́jú bátìrì. Lọ sí sẹ́tíǹsì, wá OsmAnd níbẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ Android, Unrestricted ni wàá mú níbi bátìrì.

GPS fóònù, tó bá gbìyànjú ní gbangba, á fi bíi mítà 5 ṣì, láàárín ilé gíga tàbí abẹ́ igi ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ torí àmì tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì á kọ́kọ́ ta lára ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Àpò ṣòkòtò lo fi í sí, àbí? Mú un dání, kó o dúró ní gbangba bí ìṣẹ́jú 2 kó o tó gbéra.

Àmọ́ ẹjọ́ ibẹ̀ gan-an nìyí: àwòrán sátẹ́láìtì náà máa ń parọ́. Ó lè fi mítà mélòó kan yẹ̀, níbi tó ní òkè bíi Mpape ó lè yẹ̀ síbí lórí òkè kó tún yẹ̀ sọ́hùn-ún nísàlẹ̀. Ẹni tó ya ọ̀nà yẹn, bóyá inú yàrá ẹ̀ ní Jámánì ló jókòó sí tó ń tọ àwòrán (mi ò bú u o, àwọn ló bá wa bẹ̀rẹ̀). Bí ọ̀nà àti àwòrán bá wá bára mu, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n, wọn kì í ṣe méjì.

Ẹ tún ibẹ̀ rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí gbogbo ìlà bá yẹ̀ sápá kan náà, àwòrán ló jẹ̀bi. Tí wọ́n bá fọ́n káàkiri, GPS yín ni. Tó bá jẹ́ àwòrán, nínú iD (ibi tí wọ́n ti ń ya máàpù lórí ìkànnì OpenStreetMap) tẹ lẹ́tà B, wá Imagery Offset nísàlẹ̀, fa àwòrán náà títí á fi jókòó sórí ìlà yín kó o tó ya ohunkóhun. Má wá sọ pé o fẹ́ sún gbogbo ọ̀nà Kubwa lóru ọjọ́ kan ṣá.

Ìbéèrè: Àpò ṣòkòtò ni lóòótọ́ 😂 Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀pọ̀ òpópónà wa ò ní bọ́ọ̀dù, ṣé a lè wo orúkọ ẹ̀ lórí Google Maps? Bàbá kan tún dá wa dúró, wọ́n ní ṣé ìjọba ló rán wa wá wólé.

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ ò gbọdọ̀ da nǹkan kan kọ láti Google, wọn ò fún wa láṣẹ, tí àwọn OpenStreetMap bá sì rí i wọ́n á yọ ọ́ dànù. Ẹ bi àwọn oníṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́ta, orúkọ tí wọ́n ń pè é náà ni kẹ́ ẹ kọ, tí ó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ìkejì sí alt_name, àyè tó wà fún orúkọ míì.

Ti bàbá yẹn, ẹ má bínú sí wọn. Ẹni tó ti rí X pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó lára ògiri rí l'Abuja ńbí, tó bá rí ọmọ mẹ́ta tó ń fi fóònù wo ilé kiri, ṣé ó máa sùn? Ẹ kọ́kọ́ lọ kí mai angwa (olórí àdúgbò), kí èyí tó gbọ́ Hausa dáadáa nínú yín bá wọn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fi máàpù yẹn hàn wọ́n, àwọn gan-an á tún máa júwe ibi tẹ́ ò mọ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá wá dé ẹ̀gbẹ́ bárékè sójà, ibẹ̀ nìkan ni mo gbà kí fóònù wà nínú àpò ṣòkòtò.