Nọ́ńbà Ìsàlẹ̀ Àmì Iná: Bí Mo Ṣe Parí Àmì Ara Táńkà Epo Wa l'Ádó-Èkìtì

Táńkà wa lọ sí Èkó lófìfo, ó sì padà sí Adó-Èkìtì lófìfo. Dísẹ́ẹ̀lì tó jó láti Adó gba Àrámọkọ àti Ìtawúrẹ́ jáde sí Iléṣà títí dé ẹnu dípò, ibi tí a ti ń gbé epo l'Ékòó, àti èyí tó tún jó bọ̀, kò sẹ́ni tó dá a padà fún mi. Owó páàkì wà níbẹ̀, owó oúnjẹ dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀ wà níbẹ̀, a sì tún pàdánù ipò wa lórí ìlà. Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ ni nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹni tó tẹ sítíkà àmì iná ara táńkà fún wa fi sílẹ̀ níbi tí kò yẹ kó wà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọkọ̀ náà, èmi ni mo ń bá a bójú tó o. Látìgbà tó ti rà á, ohun tó wà lára rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ gbọọrọ tí ayàwòrán fi ọ̀dà pupa kọ, pé epo ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má dáná sún mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Ìgbà tó yá ni ọ̀gá tó ń mójú tó ààbò ní dípò tí a ti ń gbé epo sọ fún Bàbá Tóyìn, dírẹ́bà wa, pé bí wọ́n bá tún dé láìní àmì tó bá ìlànà mu, àwọn ò ní í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ìwé ọkọ̀, ohun ìpaná, ẹ̀rọ tó ń dín eré kù, gbogbo ìyẹn lẹni tó bá ní táńkà ti mọ̀, n ò ní í fi fàkókò yín ṣòfò.

Àmì náà jẹ́ onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 25. Ti bẹntiróòlù pupa, àwòrán iná wà lókè, 3 wà ní igun ìsàlẹ̀. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pín ẹrù eléwu sí ìsọ̀rí 9, ìsọ̀rí 3 sì ni ohun olómi tó tètè ń gbiná. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin tó ń sọ ẹrù náà gan-an: 1203 ni bẹntiróòlù, 1202 ni dísẹ́ẹ̀lì, 1223 ni kẹrosíìnì. Bí ọkọ̀ bá wà ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ó wà ní Jámánì, 1203 kò yí padà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo sì gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń tẹ sítíkà nínú ìlú. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ nínú gáréèjì lálẹ́, nítorí Bàbá Tóyìn fẹ́ gbéra ní ìdájí. Ní ẹnu dípò ni wọ́n ti rí i: 1203 wà láàárín bí mo ṣe kọ ọ́, àmọ́ 2, ìsọ̀rí ti gáàsì, ló wà ní ìsàlẹ̀. Ó ti lọ wá àwòrán kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán ọkọ̀ gáàsì ìdáná ló sì mú. Òun náà pupa, òun náà ní iná lókè. Ó pa 1075 ti gáàsì rẹ́, ó fi 1203 sí i, kò sì fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tilẹ̀ burú jù, àkàbà tí wọ́n fi ń gun orí táńkà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, irin méjì dábùú nọ́ńbà náà.

Bàbá Tóyìn pè mí, ó ní àwọn kan ń ta àmì lẹ́nu géètì níbẹ̀. Mo ní kó fi rúlà wọ̀n ọ́n kó tó sanwó. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara páálí àti dúrọ́ọ̀mù nìyẹn, kì í ṣe ti ọkọ̀. Mo ní kó yí orí ọkọ̀ padà.

Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, 1203 lẹ kọ fún mi, 1203 náà ni mo tẹ̀. Iná kan náà kọ́ ni gbogbo wọn?” Mo ní, “Àbúrò, wo ìsàlẹ̀.” Ó wò ó, ó ní òun á gé 3 kékeré, òun á lẹ̀ ẹ́ bo 2 náà. Mo kọ̀. Ohun tí wọ́n lẹ̀ lé ohun tí wọ́n lẹ̀, bí oòrùn bá pa á díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ká sókè, 2 á tún yọjú. Ó ní rọ́bà pupa tó dára tí wọ́n fi ń ṣe sítíkà ti tán, àfi kó ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́. Rọ́bà dé, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n tún un ṣe, ó tún fẹ́ fi yíǹkì lásán tẹ pupa sórí rọ́bà funfun. Mo ti rí irú rẹ̀ lára táńkà ẹlòmíì, pupa rẹ̀ ti ṣí débi pé iná ibẹ̀ kò hàn mọ́. Ìlànà Amẹ́ríkà ní àmì gbọ́dọ̀ lè fara da oòrùn àti òjò fún ọjọ́ 30 láìjẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, èmi sì fẹ́ èyí tó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Gbogbo ìgbà yìí, ọkọ̀ dúró, ilé epo ẹ̀gbọ́n mi ń lé oníbàárà padà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó rò pé mo ń wá ìjà lórí nǹkan kékeré. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún un. Bí táńkà bá ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, tí dírẹ́bà ò lè sọ̀rọ̀, panápaná máa dúró lókèèrè wo àmì náà ni. Bí ó bá jẹ́ bẹntiróòlù ló ń jó, fóòmù ni wọ́n máa wá, nítorí omi lásán kò ràn án, epo á léfòó lórí rẹ̀, iná á sì bá omi ṣàn lọ. Bí ó bá jẹ́ gáàsì, omi ni wọ́n máa fi tu táńkà náà nínú kó má baà bẹ́, wọn kì í sì í sábà pa iná náà bí wọn kò bá tíì rí ibi tó ń jò dí. 1203 lókè, 2 nísàlẹ̀, kí ni kí wọ́n gbà gbọ́? Ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní October 2024, ènìyàn tó lé ní 150 ló kú níbi tí táńkà bẹntiróòlù kan ti ṣubú. Ó dákẹ́. Ó tún un tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni mo tún sanwó rọ́bà.

Èmi fúnra mi ni mo lẹ èyí. Mo fi ọṣẹ fọ ara táńkà, mo fi ákísà nù ún gbẹ, mo fi rúlà fa gbogbo bíńtín afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ní kí àmì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lẹ́yìn táńkà, ti Amẹ́ríkà ní kó wà níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ṣe, nítorí ọkọ̀ tó bá ṣubú, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á fara mọ́lẹ̀. Ti ẹ̀yìn kúrò lábẹ́ àkàbà.

Yàtọ̀ sí àmì iná yẹn, pátákó aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ẹrù sí tún wà. Ayàwòrán wa àtijọ́ ló ṣe é, kò sì dà mí láàmú rárá: sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìbú, 30 ní gíga, ìlà dúdú yí i ká, òmíràn sì là á láàárín, 33 lókè, 1203 nísàlẹ̀. 3 méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ń sọ pé ó yára gbiná gan-an. Ti dísẹ́ẹ̀lì, 30 ni. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ tún dé dípò, ọ̀gá ààbò yẹn yí i po, ó sì pe àwọn dírẹ́bà míì kí wọ́n wá wò ó. Bàbá Tóyìn ló pè mí láti sọ fún mi, inú mi dùn gan-an.

Ẹ má san àṣẹ́kù owó fún ẹni tó ń tẹ sítíkà kí ẹ tó fi ojú ara yín rí igun ìsàlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ lóru. Àwọn kan ní páàkì sọ fún wa pé bí epo bá ti tán nínú táńkà, ká bo àmì náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá tíì fọ inú táńkà kí òórùn epo tán níbẹ̀, àmì náà gbọ́dọ̀ wà, torí òórùn yẹn ló ń bẹ́ mọ́ wẹ́dà lójú nígbà tó bá gbé iná sí táńkà tó pè ní òfìfo.

Táńkà wa ní yàrá mẹ́ta. Bí bẹntiróòlù bá wà nínú ọ̀kan tí dísẹ́ẹ̀lì wà nínú ìyókù, ìlànà Yúróòpù gbà kí 1203 nìkan dúró fún gbogbo wọn, torí òun ló léwu jù. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé a máa gbé dísẹ́ẹ̀lì nìkan nígbà míì. Mo ti ní kí wẹ́dà jó irin tí a lè ki pátákó bọ̀ tí a sì lè yọ ọ́, kí wọ́n tó gbé e wá síbi táńkà, kí wọ́n sì fi bóòtù dè é. Ayàwòrán ti ń kun pátákó 30 àti 1202 lọ́wọ́.